Ojú Lọba Ara: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú lórí Lẹ́ǹsì Inú Ojú
Àsọyé tí a sọ níbi ìpàdé gbogbogbò ẹgbẹ́, Kalley, Niamey

Ìgbìmọ̀ ló ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Ojú ni a mú, pàápàá lẹ́ǹsì tí àwọn ọmọ wa ń wọ̀ sójú báyìí.

Ohun tó mú wa mú ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọmọbìnrin wa kan níhìn-ín ní Kalley ṣe ìgbéyàwó. Wọ́n ra lẹ́ǹsì aláwọ̀ búlúù kan fún un lọ́jà, kò sí dókítà tó rí i, kò sí ẹni tó wọn ojú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ìyàwó ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wò kó tó kàn án. Ìyàwó wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ di òru, ó sì sùn tòun tòun nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó jí, ojú ọ̀tún pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, omi ń dà níbẹ̀, kò lè wo ìmọ́lẹ̀. Wọ́n ra oògùn ojú lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé oògùn kiri, wọ́n ń kán an sí i. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó pè wá tí a gbé e lọ sí ọsibítù. Egbò ti wà lórí dúdú ojú. Ojú náà kò fọ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n àpá funfun kan kù níbẹ̀, kò sì ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Aránṣọ ni ọmọ náà. Títí di òní, ẹlòmíràn ló ń bá a fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ́ fún yín, kí a má ṣáà ti dárúkọ òun.

A kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àwa àgbà wà níbi ìgbéyàwó náà. A rí búlúù lójú ìyàwó, a sì yìn ín pé ó rẹwà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́. Ìdí nìyí tí a fi dìde lónìí.

KÍ NI LẸ́ǸSÌ?

Lẹ́ǹsì yìí, tí àwọn elédè Faransé ìlú yìí ń pè ní lentille, jẹ́ awò kékeré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí à ń gbé lé orí dúdú ojú. Kò ní apá, kò ní férémù. Omi ojú ló gbé e dúró. Kì í ṣe ohun àná. Ní 1888, dókítà ọmọ Jámánì kan, Adolf Fick, ṣe irú rẹ̀ ní Zurich. Gíláàsì ni, ó sì wúwo débi pé ènìyàn kì í lè fara dà á ju wákàtí díẹ̀ lọ. Nígbà Kérésìmesì 1961, Otto Wichterle, onímọ̀ kẹ́míkà ará Czechoslovakia, jókòó sínú ilé rẹ̀ ní Prague, ó fi irin ìṣeré ọmọdé àti dínámò kẹ̀kẹ́ to ẹ̀rọ kan jọ, ó sì fi í ṣe lẹ́ǹsì rírọ̀. Ní 1971, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí títa lẹ́ǹsì rírọ̀. Láti ìgbà náà ló ti tàn káyé.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Awọ dídán tó bo dúdú ojú kò nípọn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ láàárín. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan. Láti inú afẹ́fẹ́ ìta ni ó ti ń mí. Bí a bá gbé nǹkan lé e, a ti dín èémí rẹ̀ kù nìyẹn. Bí a bá tún pa ojú dé lé e lórí, tí a sùn, ṣe ni a fún un lọ́rùn. Gbogbo òfin tí a ó sọ lónìí, orí ohun kan yìí àti ìmọ́tótó ni wọ́n dúró lé.

ORÍṢI TÓ WÀ ÀTI ẸNI TÍ Ó BÁ MU

Èkíní ni lẹ́ǹsì líle. Ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá, ó ń tọ́jọ́, ó sì dára fún ẹni tí awọ ojú rẹ̀ kò tẹ́jú, tàbí tí ó ṣẹnu ṣóńṣó síwájú. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó mọ́ni lára, bí eruku bá sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ojú yóò ta ẹni náà gan-an.

Èkejì ni lẹ́ǹsì rírọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Ọ̀nà méjì ló pín sí. Ọ̀kan jẹ́ ti ọjọ́ kan ṣoṣo: a wọ̀ ọ́ láàárọ̀, a yọ ọ́ lálẹ́, a sọ ọ́ nù. Èkejì jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ méjì tàbí oṣù kan: a ń yọ ọ́ lálẹ́, a ń fi omi rẹ̀ fọ̀ ọ́, a ń rẹ ẹ́ sínú ike rẹ̀ di àárọ̀. Láti nǹkan bí 1999 ni wọ́n ti ń fi sílíkónì kún àwọn kan, ìyẹn sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá dé ojú. Ti ẹni tí nǹkan ń rí wọ́lẹ̀wọ́lẹ̀ lójú rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ti àwa tí a ti lé ní ẹni ogójì ọdún, tí a kò lè kàwé nítòsí mọ́, náà wà lọ́tọ̀.

Ẹ̀kẹta ni aláwọ̀. Òun náà lè ní agbára ìríran, ó sì lè má ní. Bí kò tilẹ̀ ní agbára kankan, orí ẹyinjú kan náà ni à ń gbé e lé, egbò kan náà ló sì lè dá síbẹ̀.

ILÉ LÀ Ń WÒ KÍ A TÓ SỌ ỌMỌ LÓRÚKỌ

Ohun tó dára ní London lè má bá Niamey mu. Ẹ wo ibi tí a ń gbé. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku aṣálẹ̀ a bo ìlú. Bí oṣù kẹrin bá wọlé, ooru a ju 40 lọ. Lẹ́ǹsì rírọ̀ ń gbẹ nínú irú afẹ́fẹ́ báyìí. Àwọn kan rò pé èyí tó gba omi púpọ̀ jù ló yẹ ilẹ̀ gbígbẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí irú èyí tètè máa ń gbẹ, a sì máa fa omi ojú ẹni mu.

Nítorí náà, fún àwa tí a wà níhìn-ín, ti ọjọ́ kan ṣoṣo ni a yàn síwájú. Eruku òní kò ní bá wa di ọ̀la, kò sì sí ike tí kòkòrò yóò máa gbé inú rẹ̀. Ó wọ́n díẹ̀. Páálí kan sábà máa ń gba 30, ojú kan ṣoṣo sì ni ìyẹn tó fún oṣù kan. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a lójoojúmọ́ lè máa fi í ṣe ọjọ́ òde, kí ó wọ awò ojú ní ọjọ́ yòókù. Ní ọjọ́ tí eruku bá dìde, kí gbogbo wa wọ awò ojú.

Àwọn kan wà tí a kò gbà nímọ̀ràn rárá láti wọ lẹ́ǹsì lẹ́nu iṣẹ́: àwọn ìyá wa tó ń dín àkàrà nídìí èéfín, àwọn tó ń jó irin, àwọn tó ń lọ ata àti àwọn tó ń po símẹ́ńtì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ojú rẹ̀ ń yún tàbí tó ń pọ́n nígbà gbogbo, kí dókítà tó tọ́jú rẹ̀.

BÍ A Ó ṢE YÀN ÁN

Ẹ má ṣe mú nọ́ńbà awò ojú lọ ra lẹ́ǹsì. Awò ojú jìnnà sí ẹyinjú díẹ̀, lẹ́ǹsì sì lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà nọ́ńbà méjèèjì lè yàtọ̀, pàápàá fún ẹni tí tirẹ̀ bá ju 4 lọ. Yàtọ̀ sí agbára ìríran, wọ́n gbọ́dọ̀ wọn bí ẹyinjú ṣe tẹ̀ àti bí lẹ́ǹsì yóò ṣe fẹ̀ tó. Èyí tó bá fún jù yóò há mọ́ ojú, èyí tó bá dẹ̀ jù yóò máa rìn kiri. Ẹ lọ sí ẹ̀ka ojú ní ọsibítù, tàbí kí ẹ lọ bá onímọ̀ ojú tó ní ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá lọ sílé lè ṣe é ní UCH ní Ìbàdàn tàbí níbòmíràn. Nàìjíríà ní àjọ tó ń forúkọ àwọn onímọ̀ awò ojú sílẹ̀, láti ọdún 1989 ni òfin rẹ̀ ti wà. Kí wọ́n kọ gbogbo nọ́ńbà náà sínú ìwé fún yín, kí wọ́n fi bí a ṣe ń wọ̀ ọ́ àti bí a ṣe ń yọ ọ́ hàn yín, kí ẹ sì ṣe é lójú wọn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

BÍ A Ó ṢE WỌ̀ Ọ́

1. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ tí kò ní ìhùùhù nù ún gbẹ.

2. Ojú ọ̀tún ni kí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nígbà gbogbo, kí méjèèjì má baà pàrọ̀. Ẹ gbé lẹ́ǹsì lé orí ìka, kí ẹ wò ó: kí ó rí bí àwo kékeré. Bí etí rẹ̀ bá ṣí síta, a ti yí i padà nìyẹn. Bí ó bá fàya, ẹ sọ ọ́ nù.

3. Ẹ wọ̀ ọ́ kí ẹ tó lé tìróò tàbí kí ẹ tó kun àtíkè. Lálẹ́, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó nu wọ́n kúrò.

4. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi kàn án, ì báà jẹ́ omi ẹ̀rọ, omi kànga tàbí omi odò. Kòkòrò kan wà nínú omi, Acanthamoeba ni orúkọ rẹ̀. Ojú kò ríra rẹ̀, àrùn tó ń dá sílẹ̀ sì ṣòro láti wò. Itọ́ ẹnu ńkọ́? Òun burú jù. Ẹ̀yin tó ń ṣe àlùwàlá, ẹ pa ojú dé dáadáa, kí ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó là á. Fífọ ojú ni àlùwàlá béèrè, kò ní kí a da omi sínú ẹyinjú.

5. Ẹ̀yin tó ń lo ti oṣooṣù, omi tuntun ni kí ẹ máa dà sínú ike lálaalẹ́. Ẹ má ṣe bu tuntun lé àná. Ní 2006, ilé-iṣẹ́ Bausch & Lomb kó irú omi lẹ́ǹsì wọn kan kúrò lọ́jà káàkiri àgbáyé, nítorí àrùn olú tó mú ojú àwọn tó ń lò ó. Àwọn olùwádìí rí i pé bíbu omi tuntun lé ògbólógbòó wà lára ohun tó dá kún un. Ẹ máa pààrọ̀ ike náà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ má sì ra ìgò omi tó ti pẹ́ nínú oòrùn.

6. Ẹ má ṣe fi sùn. Fífi lẹ́ǹsì sùn máa ń sọ ewu àrùn di ìlọ́po márùn-ún ó lé. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Niamey, tó gba Dosso àti Birnin-Konni lọ sí Ṣókótó, kó tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà, yóò sùn lójú ọ̀nà. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọ awò ojú.

7. Ẹ má ṣe yá ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ìbejì yín.

BÍ OJÚ BÁ YÍ PADÀ

Bí ojú bá pọ́n, tó ń dùn yín, tí omi ń dà níbẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń ta yín, tàbí tí ìríran di bàìbàì, ẹ yọ lẹ́ǹsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ọ̀la. Ẹ lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì mú lẹ́ǹsì àti ike rẹ̀ lọ, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má ṣe fún omi ọyàn sí i, ẹ má ṣe da ìtọ̀ tàbí omi ṣúgà sí i. Oògùn tí wọ́n ń gbé kiri lè ní èròjà kan tó ń mú kí pípọ́n náà lọ, ṣùgbọ́n tí egbò yóò máa jẹ lọ lábẹ́lẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wa lè jẹ́ irú èyí.

Ní ti èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà: Amẹ́ríkà ṣe òfin ní 2005 pé ohun ìṣègùn ni gbogbo lẹ́ǹsì, títí kan ti oge. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti fi títà ti oge sábẹ́ àbójútó àwọn onímọ̀ ojú láti ọdún kan náà. Ẹ má ra ohun tí ẹni tó ń tà á kò lè sọ fún yín bí yóò ṣe bá ojú yín mu.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, awò ojú kì í ṣe àbùkù. Bí owó kò bá tó fún lẹ́ǹsì àti ìtọ́jú rẹ̀, ẹ wọ awò ojú yín, kí ẹ gbórí sókè. Ẹ̀yin ìyá ìyàwó, a bẹ̀ yín, bí ẹ bá ń ka ohun tí ìyàwó yóò wọ̀, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi sí i lójú. Bí ojú ẹnikẹ́ni nínú wa bá pọ́n, kó pe ẹgbẹ́ ní ọjọ́ kìíní, kó má dúró di ọjọ́ kẹta. Bí owó mọ́tò ni kò bá sí, ẹ jẹ́ kí a dá a. Owó mọ́tò kò tó iye ojú.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. A ti ń wò ó láti òkèèrè báyìí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú wa fọ́ sí àjò. A ó fi ojú wa rí oore, a ó sì fi rí ilé.