Òógùn Kọ́ Ni Ọ̀rá: Oúnjẹ, Irin àti Ara Wa ní Ṣómólú àti Bàrígà

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí oúnjẹ àti eré ìdárayá ṣe ń mú kí iṣan pọ̀ sí i, kí ọ̀rá sì dín kù. Ibi tí àríyànjiyàn wà gan-an ni n ó gbà wọlé.

Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ dúró lójú ọ̀nà Akọ́kà. Ẹ ó rí ẹni tó ń sáré pẹ̀lú kóòtù òjò lọ́rùn, ẹ ó rí ẹni tó fi nílọ́ọ̀nù wé ikùn. Bí òógùn bá ti ń kán tótó, inú wọn á dùn, wọ́n á ní ọ̀rá ń yọ́. Omi ni, ẹ̀yin ará. Píọ̀ wọ́tà méjì ti tó kílò kan; bí ẹ bá ti mu ún tán, ìwọ̀n tó lọ ti padà dé. Lọ́dún 2014, Ruben Meerman àti Andrew Brown ní Ọsirélíà ṣe ìṣirò ibi tí ọ̀rá ń gbà kúrò lára. Bí ọ̀rá kílò 10 bá lọ, kílò 8.4 nínú rẹ̀ ni à ń mí jáde ní atẹ́gùn, 1.6 tó kù ló ń di omi. Ẹ má torí ìyẹn lọ máa mí hẹlẹhẹlẹ o! Ara kì í fọwọ́ kan ọ̀rá tó ti kó pamọ́ àfi bí ohun tó ń wọlé lẹ́nu bá kéré sí ohun tó ń ná. Ọ̀rá kílò kan sì tó nǹkan bíi kálórì 7,700. Eré òwúrọ̀ ọjọ́ kan kò lè jó o tán.

Ẹlòmíràn á ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣebí iṣẹ́ oko ni kì í jẹ́ kí àwọn ará abúlé sanra?" Ìwádìí kan wà tó sún mọ́ wa dáadáa. Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Loyola ní Chicago tẹ àbájáde kan jáde: wọ́n fi àwọn obìnrin Igbó-Ọrà àti Ìdèrè, nílẹ̀ Ìbàràpá, wé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Maywood lẹ́bàá Chicago. Ti Maywood wọn bíi kílò 83 ní ìpíndọ́gba, tiwa kò ju bíi 58 lọ. Ẹ gbọ́ èyí tó kù: kálórì tí wọ́n ń ná lórí iṣẹ́ àti ìrìn lójúmọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bíi 760 níbẹ̀, bíi 800 ní Ìbàràpá, ìyàtọ̀ tí kò tó kà sí. Oúnjẹ Ìbàràpá kò lọ́ràá púpọ̀, ó sì ní okùn (fáíbà) dáadáa. Ti Maywood, ọ̀rá ń kó ìdá 40 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún kálórì rẹ̀. Ìwádìí kan kì í parí ẹjọ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìkòkò ló ya àwọn obìnrin yìí sọ́tọ̀, kì í ṣe ọkọ́. (Ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń gbowó jíìmù gbọ́.)

Ṣé kí a wá jókòó? Rárá o. Ẹni tó bá fi ebi nìkan lé ọ̀rá, iṣan rẹ̀ á bá ọ̀rá lọ. Egungun ọrùn á yọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á jìn, ikùn á sì wà níbẹ̀ tí yóò máa wò ó. Iṣẹ́ eré ìdárayá ni láti sọ fún ara pé iṣan yìí ṣì wúlò, kó má fọwọ́ kàn án.

Ní Ìgbóbì tiwa níhìn-ín, ọdún 1943 ni wọ́n dá ibi ìtọ́jú kan sílẹ̀ fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Òun ló di ilé ìwòsàn egungun tí gbogbo yín mọ̀. Lọ́dún 1945, dókítà ọmọ ogun kan ní Chicago, Thomas DeLorme, tẹ ìwádìí jáde lórí irú àwọn sójà bẹ́ẹ̀. Àṣà ìgbà náà ni kí wọ́n máa fi nǹkan fúyẹ́fúyẹ́ ṣe eré títí ara á fi sú wọn. DeLorme so irin wíwúwo mọ́ ẹsẹ̀ wọn, ìwọ̀n tí wọ́n lè gbé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá péré, bí agbára bá sì ti ń dé, ó ń fi kún un. Fífi kún un yẹn ni ìdí ọ̀rọ̀ iṣan.

Ẹ wo àwọn tó ń ru iyanrìn létí ọ̀sà Ìlàjẹ ní Bàrígà, àti àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé ìwé gun àtẹ̀gùn ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Níbẹ̀rẹ̀, èjìká wọn ń gbòòrò. Bó bá pẹ́, ó dúró. Ìdì ìwé A4 kan kò yéé jẹ́ kílò méjì ààbọ̀. Ara ti mọ ẹrù náà, kò rí ìdí tó fi yẹ kó tún kọ́ iṣan. Ó ń rẹ̀ wọ́n ni, wọn kò le sí i. Ẹni tó da síméńtì sínú agolo méjì, tó fi ọ̀pá irin so wọ́n pọ̀ lẹ́yìnkùlé, tó sì ń fi kún ẹrù náà díẹ̀díẹ̀, lè fi wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ kọjá wọn. Ẹni tó wá jókòó ti kọ̀ǹpútà nínú ilé ìtẹ̀wé kan náà, tó ń ṣètò káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú, abọ́ oúnjẹ kan náà ló ń jẹ pẹ̀lú ẹni tó ń ru ìwé. Gbogbo wa la mọ ibi tí àṣẹ́kù ń gbé.

Purotéènì ni ara fi ń kọ́ iṣan. Àkójọ ìwádìí 49 tí Robert Morton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2018 fi hàn pé, fún ẹni tó ń gbé irin, èyí tó bá kọjá nǹkan bíi gíráàmù 1.6 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàǹfààní mọ́. Ọ̀dọ́ tó wọn kílò 70 ń wá 112 nìyẹn. Gààrí gíráàmù 100 lé ní kálórì 300, purotéènì inú rẹ̀ kò ju bíi gíráàmù kan lọ. Ẹ̀wà gíráàmù 100, kí a tó sè é, ní bíi 23. Ẹja ní bíi 20. Ẹyin kan ní mẹ́fà. Ẹ̀wà àgọ̀yìn kì í ṣe oúnjẹ òtòṣì rárá. Epo tó léfòó sórí rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́: gíráàmù kan, kálórì mẹ́sàn-án, ìbáà jẹ́ epo pupa tàbí òróró. Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ó bínú. Purotéènì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n irú èyí tí kò ní tryptophan ni, ara kò sì lè dá ìyẹn ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ fún adùn, kí ẹ fi ẹja tàbí ẹ̀wà tì í.

Ṣé ọ̀rá lè máa lọ kí iṣan máa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní Yunifásítì McMaster ní Kánádà, wọ́n gé oúnjẹ 40 ọ̀dọ́kùnrin tó sanra kù ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n sì fi eré le wọn lọ́jọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016. Àwọn tó ń jẹ purotéènì gíráàmù 2.4 fún kílò kọ̀ọ̀kan pàdánù ọ̀rá kílò 4.8, ara wọn tí kì í ṣe ọ̀rá sì fi kílò 1.2 lé sí i. Àwọn tó ń jẹ 1.2 pàdánù ọ̀rá kílò 3.5, iṣan wọn dúró sójú kan. Ìyà gidi ni wọ́n jẹ o. Èmi kò ní dábàá irú ebi yẹn fún ẹni tó ń fò mọ́ dáńfó lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń mu Apetamin kí ìdí lè yọ: oògùn inú rẹ̀, cyproheptadine, oorun àti ebi ló ń fà. Èyí tó burú jù ni dexamethasone tí wọ́n ń tà ní ẹyọ ẹyọ fún ìsanra. Omi ló ń kó sí ojú àti ara, ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì ń jẹ iṣan itan àti apá run. Ẹni tó ti ń lò ó pẹ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì. Kó lọ rí dókítà. Tíì tó ń mú ikùn wọlé, ìgbẹ́ àti omi ló ń kó jáde.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni mò ń sọ, tiyín ló kù. Lọ́dún 1990, ní Boston, Maria Fiatarone fi irin gbígbé fún ẹsẹ̀ dán àwọn arúgbó mẹ́wàá wò, ẹni ọdún 86 sí 96. Mẹ́sàn-án parí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà, agbára ẹsẹ̀ wọn sì fi ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Àga tí ẹ jókòó lé yẹn ti tó bẹ̀rẹ̀: ẹ dìde láìfọwọ́ tì í, ẹ tún jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bó bá ti rọrùn, ẹ gbé ike omi lọ́wọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, kó kọ́kọ́ gba ìmọ̀ràn dókítà, kó má sì sé èémí nígbà tó bá ń gbé nǹkan. Ìyá wa tí wọ́n ti nawọ́ láti ìgbà tí mo ti dárúkọ pọ̀nmọ́, ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀dọ̀ yín la ó ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.