Dídán Òwò Tuntun Wò Kí A Tó Fi Gbogbo Owó Lé E



Ọ̀rọ̀ òwò ni a ní kí n sọ: bí ènìyàn ṣe lè dá òwò tuntun sílẹ̀ tí kò fi ní í di onígbèsè. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé àlùfáà ni a rán ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nígbà tí a bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, àwa ni a ń pè wá gbàdúrà. Bí ṣọ́ọ̀bù náà bá sì kú, ọ̀dọ̀ wa kan náà ni a ń gbé ẹkún rẹ̀ wá. Nígbà tí a bá fi máa pè wá, ọ̀dà ti gbẹ lára ògiri, a ti kọ orúkọ sí ojú pátákó, owó sì ti tán. Àdúrà kò nira fún mi rárá. Ṣùgbọ́n ì bá wù mí kí a máa pè mí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà ní ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ní ẹnu iṣẹ́ ìjọba. Owó ìfẹ̀yìntì wà ní ọwọ́ rẹ̀, ó sì pinnu láti máa yan búrẹ́dì. Ó ti ṣírò iye ìyẹ̀fun àti ṣúgà, ìwúkàrà àti igi ìdáná, àti owó ọ̀yà àwọn tí yóò bá a ṣiṣẹ́. Ìṣirò náà pé. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò bóyá wọn yóò ra búrẹ́dì òun. Kí ni ẹ rò pé wọn yóò wí? Ta ni nínú wa tí yóò wo ojú àgbàlagbà kan, kí ó sì wí fún un pé, "Bàbá, ọjà yín kò ní í tà"? A kì í sọ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ohun tí a ń wí ni pé, "Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ó tà, bàbá, ẹ ó fi ṣe rere." Ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí ni, ṣùgbọ́n àdúrà ni, kì í ṣe ẹ̀rí. Bàbá wa gba àdúrà bí ẹni tí ó gba ẹ̀rí, ó lọ ra ilẹ̀, ó sì mọ ààrò ńlá.

Ohun kan wà tí bàbá yìí kò kọ sínú ìwé ìṣirò rẹ̀, nítorí òun tìkára rẹ̀ kò mọ̀ pé òun gbà á gbọ́. Ó gbà pé bí òun bá ti gbé búrẹ́dì fún ìyá oníṣọ́ọ̀bù, owó yóò bọ́ sí ọwọ́ òun. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ibi, àwìn ni oníṣọ́ọ̀bù ń gbà á. Ìgbà tí ó bá tà á tán ni yóò tó san owó. Èyí tí kò bá tà títí ó fi gan tàbí tí ó fi bu, yóò dá a padà fún ẹni tí ó yan án. Nítorí náà, ẹni tí ń yan 200 búrẹ́dì ní ojúmọ́ níláti ní owó ìyẹ̀fun ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ ní ọwọ́ kí owó ti ọjọ́ kìn-ín-ní tó dé. Ààrò lè dára, búrẹ́dì lè dùn bí oyin, kí òwò náà sì kú ní oṣù kẹta. Àwìn ni yóò pa á.

Báwo ni ì bá ti ṣe mọ̀? Kí ó tó ra bíríkì kan, kí ó lọ bá ẹni tí ó ti ní ààrò, kí ó sanwó fún un láti bá òun yan 30 búrẹ́dì bí òun ti fẹ́ kí ó rí. Kí ó gbé e ka àwọn ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, kì í ṣe kí ó rán ọmọ, kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Yóò rí ẹni tí ó sanwó lójú ẹsẹ̀, ẹni tí ó ní kí ó padà wá ní ọ̀la, àti ẹni tí ó gbàdúrà fún un tí kò sì ra ẹyọ kan. Owó tí yóò ná kò tó owó ilẹ̀kùn kan lára ilé tí ó fẹ́ kọ́. Àwọn baba wa ní ẹnu dùn ún ro ẹ̀fọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì yìí ni yóò gbé ọbẹ̀ náà ka orí iná.

Kí ẹ má sì rò pé àwọn tí kò kàwé nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Lẹ́yìn ogun tí ó parí ní 1945, òróró àti ọ̀rá jíjẹ wọ́n gógó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1946, Frank Samuel, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá United Africa Company, ilé iṣẹ́ tí àwọn òbí wa mọ̀ dáadáa sí U.A.C., dá a lábàá pé kí a fi ẹ̀rọ gbin ẹ̀pà ní Tanganyika, èyí tí ó jẹ́ apá kan Tanzania lónìí, ní ìwọ̀n tí aráyé kò rí irú rẹ̀ rí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ènìyàn mẹ́ta lọ wo ilẹ̀ náà, John Wakefield sì ni olórí wọn. Ìwádìí wọn kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ. Wọ́n ní kí a ro ilẹ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù 3 éékà láàárín ọdún 6, pẹ̀lú owó tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 25 pọ́n-ùn. Ìjọba sì gbà.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Kongwa ní 1947. Gbòǹgbò igi fọ́ irin wọn. Púpọ̀ nínú àwọn katakata tí wọ́n kó wá jẹ́ àlòkù ogun, wọ́n sì ń bàjẹ́ lójoojúmọ́. Bí oòrùn bá pa ilẹ̀ ibẹ̀, a máa le bí bíríkì, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀pà tí ó gbó kò ṣe é wú. Òjò kò tó. Àwọn ará Gogo tí ó ni ilẹ̀ náà ti mọ ọ̀dá àti ìyàn láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ní ọdún kìn-ín-ní, 150,000 éékà ni wọ́n pinnu láti gbìn. Nǹkan bí 7,500 ni wọ́n rí gbìn. Ní 1951 ìjọba pa iṣẹ́ náà tì, nǹkan bí mílíọ̀nù 36 pọ́n-ùn sì ṣègbé.

Ẹ wo ohun tí ìdánwò ì bá ná wọn: oko kékeré mélòó kan ní Kongwa, katakata díẹ̀, àti òjò ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn tí ó gbèjà iṣẹ́ náà wí pé àìní pọ̀, kò sí àyè láti dúró. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa: "Bàbá, bí a bá dúró, ẹlòmíràn yóò gbà á mọ́ wa lọ́wọ́." Ọdún mẹ́rin ni ìkánjú náà gbà ní Kongwa. Èyí tí ó sì dùn mí jù ni pé ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ẹ̀pà tí àwọn àgbẹ̀ fi ọkọ́ gbìn ní apá Kano wà nílẹ̀ ní òkìtì òkìtì, tí ó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin tí yóò gbé e lọ sí etí òkun.

Àwọn àgbẹ̀ tiwa gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọ̀ràn kòkó. Nígbà tí àwọn ọlọ́gbìn Agege, irú wọn bíi J. K. Coker, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín, àwọn òṣìṣẹ́ oko wọn mú irúgbìn padà lọ sí ìlú wọn. Ẹni tí ó mú un lọ kò hú iṣu rẹ̀ dànù. Àárín oúnjẹ ni a ń gbìn ín sí, kí ewé kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè ṣíji bò ó. Bí kòkó náà bá kú, ilé yóò ṣì jẹun.

Nínú òwò ti ayé òde òní, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀. Ní 1999, Nick Swinmurn ní Amẹ́ríkà fẹ́ mọ̀ bóyá ènìyàn yóò ra bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì fi ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ wò. Kò kó bàtà jọ. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹlòmíràn, ó ya àwòrán bàtà wọn, ó sì fi í hàn. Bí ẹnìkan bá sanwó, yóò lọ ra bàtà náà ní iye tí gbogbo ènìyàn ń rà á, yóò fi ránṣẹ́. Èrè kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí ìdáhùn. Òwò náà ni a wá mọ̀ sí Zappos, tí Amazon rà ní 2009.

Mo fẹ́ sọ ti owó ẹlòmíràn, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ìjọ wa. Púpọ̀ nínú òwò tí a ń dá sílẹ̀ ní àárín wa, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni a fi ń dá a. Ẹni tí ó yá a ní ẹlẹ́rìí méjì tí ó dúró fún un. Bí òwò bá wọmi, àwọn méjì yìí ni a óò máa yọ owó lára oṣù wọn, àwọn tí kò jẹ nínú búrẹ́dì náà. Mo ti rí àwọn tí wọ́n ti jọ kọrin ní ẹgbẹ́ akọrin fún 20 ọdún tí wọn kò kí ara wọn mọ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá bẹ̀ yín kí ẹ dúró fún òun, ẹ má ṣe béèrè iye èrè tí ó ń retí. Ẹ béèrè pé, "Ta ni ó ti sanwó fún un? Ẹni mélòó ni ó padà wá ra ẹ̀ẹ̀kejì?" Bí kò bá tí ì sí ẹnìkankan, ẹ ní kí ó lọ tà díẹ̀ ná.

Fún ẹni tí yóò dán an wò, ohun kan ṣì kù. Ọkàn ènìyàn a máa ṣe àwáwí: bí 30 bá wà nílẹ̀ tí 8 péré sì tà, yóò ní òjò ni ó rọ̀, yóò ní oṣù kò tí ì parí. Nítorí náà, kí ó tó jáde ní ọjọ́ kìn-ín-ní, kí ó kọ sínú ìwé iye tí ó níláti tà kí òun tó tẹ̀síwájú, àti iye tí ó bá rí tí òun yóò fi dúró. Kí ó fi ìwé náà sí ọwọ́ ẹnìkan tí kì í bẹ̀rù rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ẹni náà sì mú un jáde ní alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá.