Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ohun Tí Ń Kán Egungun Ojú àti Ọ̀nà Tí Ó Ń Gbà Kán

Ọmọ Akínmọ̀ọ́rìn ni mí. Mo mọ̀ pé bí ojú ènìyàn bá fọ́ nínú jàǹbá, ohun tí a sábà máa ń sọ nílé ni pé iṣẹ́ ọ̀tá ni, tàbí pé bí a ti kọ ọ́ nìyẹn. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé egungun ojú kì í ṣàdédé kán: ó ní ohun tí ń kán an, ó sì ní ọ̀nà tí ó ń gbà kán. Bí a bá mọ méjèèjì, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a lè dènà.

1. Ohun tí ń kán an

Àwọn ìwádìí tí a ti ṣe ní ilé ìwòsàn ńláńlá ilẹ̀ wa láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, tí Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Ìbàdàn (UCH) tí a ṣí ní 1957 wà lára wọn, fi hàn pé jàǹbá ojú pópó ni olórí ohun tí ń kán egungun ojú. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí, pàápàá àwọn tí agbára wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, ìjà ti gba ipò kìíní lọ́wọ́ ọkọ̀, nítorí pé òfin bẹ́líìtì àti òfin ọtí fún awakọ̀ ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti àyànmọ́. Ti òfin àti ti ojú ọ̀nà ni.

Ní agbègbè Afijió, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni ọkọ̀ akẹ́rù, bọ́ọ̀sì àti alùpùpù jọ ń tọ̀. Láti àwọn ọdún 1980 ni ọ̀kadà ti ń gbilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ èrò. Kò ní ilẹ̀kùn, kò ní gíláàsì. Ojú ẹni tí ó gùn ún ni ó ń bá ohun tí ó kọlù pàdé. Lẹ́yìn èyí ni jíjábọ́ láti orí ọ̀pẹ àti igi ọsàn, bọ́ọ̀lù gbígbá, ìjà àti ìbọn.

2. Ọ̀nà tí ó ń gbà kán

Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí wa, páárì ìsàlẹ̀ ló ń kán jù, nítorí pé ó yọ síta. Ó tẹ̀ bí ọrun: bí a bá gbá a níwájú, ó lè kán lẹ́yìn. Ẹni tí ó fi àgbọ̀n lulẹ̀ lè ní ọgbẹ́ kékeré lágbọ̀n, kí egungun sì ti kán lẹ́bàá etí méjèèjì.

Ní 1901, René Le Fort, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, tẹ ìwé ìwádìí rẹ̀ jáde. Ó ti lu orí àwọn òkú ní oríṣiríṣi ọ̀nà, ó sì rí i pé àárín ojú máa ń là gba ojú ìlà mẹ́ta. Èkíní gba òkè eyín kọjá. Èkejì gba orí imú àti abẹ́ ojú. Ẹ̀kẹta ya gbogbo ojú kúrò lára agbárí. Títí di òní ni a ń fi orúkọ rẹ̀ pe àwọn ìlà náà.

Ìjà náà ní àmì tirẹ̀. Ẹni tí a kọjú sí tí a fi ọwọ́ ọ̀tún lù, apá òsì ojú rẹ̀ ló sábà ń gba ìkúùkù. Bí obìnrin bá wí pé òun ṣubú nílé ìdáná, tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ sì wọlé, ojú lè máa sọ ohun tí ẹnu ń pa mọ́. Èyí kò tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ṣùgbọ́n ó tó kí oníṣègùn rọra bi í léèrè ní ìkọ̀kọ̀.

3. Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Ọgbọ́n àwọn tí ń to egungun nílé wa ni láti fi igi di apá tàbí ẹsẹ̀. Páárì kò ṣeé fi igi dì. Eyín ni òṣùwọ̀n rẹ̀: bí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò bá pàdé bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ má pè é ní wíwú lásán. Nílé ìwòsàn, a lè fi wáyà so eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí kí a fi irin pẹlẹbẹ àti ìdè kan egungun pọ̀. Ẹni tí ó bá pẹ́ kí ó tó wá lè jẹun ní wíwọ́ títí ayé.

Lójú ọ̀nà, èémí ni kí a kọ́kọ́ wò. Ẹ yọ eyín tó ti já àti ẹ̀jẹ̀ dídì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ di orí àti ọrùn rẹ̀ mú kí ó má yí, kí ẹ sì dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ lè pa á.

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí a dá sílẹ̀ ní 1988, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin àṣíborí alùpùpù ní 2009. Ní Kano, àwọn kan dé igbá kí ọlọ́pàá má bàa mú wọn. Àṣíborí tí ó mọ sí orí ń dáàbò bo ọpọlọ, ó sì dára. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bo àgbọ̀n pẹ̀lú ni ó lè gba páárì là.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ yìí wà kí ó tó dé ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ.