Ohun tí Kòkòrò Onígbáméjì Ń Ṣe Nínú Ìfun

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ńṣe ni kòkòrò onígbáméjì ń jẹ ìfun ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń lẹ̀ mọ́ ara ìfun kékeré ni. Oró tó ń tú jáde ló ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Onímọ̀ ìṣègùn Sambhu Nath De fi èyí hàn ní Calcutta lọ́dún 1959: ó fi omi tí wọ́n ti sẹ́ kòkòrò kúrò nínú rẹ̀ sínú ìfun ehoro, ìfun náà sì kún fún omi. Oró yìí ló ń ṣí ọ̀nà tí iyọ̀ ń gbà jáde nínú sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ gbayawu, omi ara a sì tẹ̀ lé e. Bó bá le, lítà kan lè jáde láàárín wákàtí kan.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí oògùn apakòkòrò ló yẹ ká kọ́kọ́ wá? Ó wúlò, ó ń dín ọjọ́ àìsàn kù, ṣùgbọ́n kò lè dá omi tó ti lọ padà, àìtó omi lára ló sì ń pani. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé oró náà kò ba ọ̀nà tí ṣúgà àti iyọ̀ jọ ń gbà wọlé jẹ́. Omi ń bá wọn wọlé. Ìdí nìyẹn tí omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ fi ń ṣiṣẹ́: lọ́dún 1971, òun ni dókítà Dilip Mahalanabis fi gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là láàárín àwọn ará Bangladesh tó sá wọ Índíà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí fún aláìsàn ní omi yìí mu kíákíá, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn.