Imú Ọba Henry Lára Owó Fàdákà

Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe náírà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ayé Ọba Henry Kẹjọ, owó fàdákà kan wà tí à ń pè ní testoon. Pẹ́nì 12 ni iye rẹ̀; òun ni baba ṣílè tí àwọn àgbà wa ná. Àwòrán ọba wà níwájú rẹ̀, ó kọjú sí ẹni tí ó mú un lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí tí wọ́n lù ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ Látìn wà níbẹ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé: Mo ti fi Ọlọ́run ṣe olùrànlọ́wọ́ mi.

Ọba yìí kan náà ni Póòpù Leo Kẹwàá fi oyè Olùgbèjà Ìgbàgbọ́ dá lọ́lá ní 1521. Nígbà tí ó ṣe, ó kọ Póòpù sílẹ̀, ó sì kó ọrọ̀ àwọn ilé mọ́ńkì títí di 1540. Síbẹ̀, kò tó o. Ogun Faransé àti ti Skọ́tlándì ń jẹ owó bí iná ọyẹ́ ti í jẹ pápá. Ní 1544, fàdákà inú testoon di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ní 1545, ìdajì. Ní 1546, ìdá kan péré nínú mẹ́ta. Bàbà ni ìyókù.

Wọ́n ṣe ara rẹ̀ kí ó funfun bí ojúlówó. Ṣùgbọ́n imú ni ó yọ síta jù lójú ọba. Bí owó náà ti ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, imú ni ó kọ́kọ́ ń họ, bàbà pupa a sì yọjú. Ni aráyé bá sọ ọba ní Onímú Bàbà. (Ẹ má bínú, kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́.)

Ta ni ó wá san gbèsè náà? Ọba kọ́, ó kú ní 1547. Ní 1551, ìjọba Edward ọmọ rẹ̀ kéde pé ṣílè bẹ́ẹ̀ di pẹ́nì 9. Kí ọdún náà tó parí, ó di sísì. Alágbàṣe tí ó gbà á fún òógùn ojú rẹ̀, tí ó dì í mọ́ etí aṣọ, kò po bàbà mọ́ ọn, kò sì ja ẹnikẹ́ni lólè. Òun ni ó jí láàárọ̀ tí ìdajì owó rẹ̀ ti lọ.

Ní 1560, Ọbabìnrin Elizabeth pinnu láti kó owó bíbàjẹ́ kúrò nílẹ̀. Àwọn ṣílè ayé Edward tí ó sàn díẹ̀ di pẹ́nì 4½. Àwọn tí ó burú jù di 2¼. Wọ́n sì tẹ àmì ajá ọdẹ sí àwọn tí ó burú jù náà lára, kí gbogbo ènìyàn lè dá wọn mọ̀.