Àyà Tó Ń Já Lójijì
Ọ̀rọ̀ tí Olùbẹ̀wò Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ìsẹ́yìn

Mo mọ̀ pé ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó ni mo tún gbé dé. Òun kọ́ lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nídìí ẹ̀yáwó ni mo ti bá a pàdé.

Akápò kan wà nínú ẹgbẹ́ tí mo ń bẹ̀ wò; ẹ má bi mí ní orúkọ rẹ̀. Oníṣu ni, ìwé rẹ̀ sì mọ́. Lọ́jọ́ ọjà kan, nínú ọkọ̀, àyà rẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, èémí rẹ̀ kúrú, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní ikú dé. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti rọlẹ̀. Wọ́n yẹ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Kò wọkọ̀ mọ́. Nígbà tó yá kò dé ọjà, kò sì wá sí ìpàdé mọ́. Owó tó yá láti fi ra iṣu, ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ayé ló ń ṣe é ló ná an sí. Àwa sì bu ìtanràn lé e pé ó ń pa ìpàdé jẹ. Èmi gan-an ni mo fọwọ́ sí i.

Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Panic ni àwọn dókítà ń pè é; ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìjayà òjijì. Ní 1986, David Clark, onímọ̀ ọkàn ẹ̀dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé lórí bó ṣe ń yí po. Àyà lù díẹ̀, bóyá nítorí oòrùn tàbí àárẹ̀. Ẹni náà ní, “Ọkàn mi fẹ́ dáwọ́ dúró.” Ẹ̀rù bà á; ẹ̀rù mú kí àyà túbọ̀ lù, kí èémí túbọ̀ yá; èémí tó yá jù mú kí òòyì kọ́ ọ. Ni yóò bá ní, “Mo ti sọ bẹ́ẹ̀!”

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Bí akápò bá ní iye báyìí ló wà nínú àpótí, n kì í bá a jiyàn, n kì í sì gbà á bẹ́ẹ̀. A ó ṣí àpótí, a ó kà á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìtọ́jú èrò àti ìṣe, tí wọ́n ń pè ní CBT, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ wá láti ọwọ́ Aaron Beck, dókítà ará Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1960. Wọ́n á ní kí o kọ èrò náà sílẹ̀. Ìgbà mélòó ló ti ṣe ọ́? Ìgbà mélòó lo kú níbẹ̀? Lẹ́yìn èyí ni ohun tó yà mí lẹ́nu jù: wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ pe àyà lílù náà wá. Wọ́n á ní kí o máa mí kíákíá, tàbí kí o sáré gun àtẹ̀gùn, kí o fi ojú ara rẹ rí i pé àyà ń lù, ènìyàn kò sì kú. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀: lónìí, jókòó sínú èyí tí kò ṣí, lọ́jọ́ mìíràn, gùn ún dé ìdíkọ̀ kejì, láìsí ẹni tó di ọwọ́ rẹ mú. Ìlànà àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní wákàtí 7 sí 14 lápapọ̀ ló sábà máa ń gbà.

Àmọ́ àyẹ̀wò ni kí ó ṣáájú o. Àrùn ọkàn, ikọ́ fée àti gẹ̀gẹ̀ náà lè mú irú rẹ̀ wá. Ilé ìwòsàn ìjọba ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n kọ ìwé tí ẹ ó mú lọ sí UCH ní Ìbàdàn tàbí Arò ní Abẹ́òkúta. Àwọn kan gbọ́ Arò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Dókítà Adéoyè Lambo débẹ̀ ní 1954, ó sì ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó yí i ká, pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, kí wọ́n sì padà sílé. Ṣé ẹ̀wọ̀n nìyẹn?

Ọ̀nà jìn láti ìhín, ọkọ̀ gan-an sì ni aláìsàn ń sá fún. Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ yan ẹni tí yóò sìn ín lọ nígbà àkọ́kọ́.

Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, akápò náà nìkan ló dá wọkọ̀ wá. Ó ní àyà òun lù lọ́nà lẹ́ẹ̀kan, òun sì jẹ́ kó máa lù. Ìtanràn yẹn, mo ti ní kí akọ̀wé fagi lé e. Ẹgbẹ́ tó bá ní irú rẹ̀ nínú ìwé, kí akọ̀wé wọn wá rí mi kí n tó padà sí Ṣakí.