Kí A Kà Á Kí A Tó Tún Un Ṣe: Aago Àpò Àwọn Baba Wa ní Oǹdó àti Àkúrẹ́

 

Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò kún àtẹ́lẹwọ́. Aago àpò ni, èyí tí àwọn baba wa ń fi ṣéènì so mọ́ kóòtù, tí wọ́n á yọ jáde, tí wọ́n á wò ó fẹ̀sọ̀fẹ̀sọ̀, tí wọ́n á sì dá a padà sápò. Ní Oǹdó níbí àti ní Àkúrẹ́, ọ̀pọ̀ ilé ló ní ọ̀kan nísàlẹ̀ àpótí, láàárín ìwé ilẹ̀ àti fọ́tò ìgbéyàwó. Kò ṣiṣẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ọmọ á rántí rẹ̀, á ní òun fẹ́ kó máa dún, á gbé e jáde fún àtúnṣe. Wọ́n á fi ohun tó ń mú nǹkan dán nu ara rẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ ojú rẹ̀, wọ́n á da epo sí i nínú. Tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, ṣùgbọ́n ohun tí aago náà mọ̀ nípa baba wọn ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ká kọ́kọ́ kà á.

Báwo ló tiẹ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba, rélùwéè wà lára ohun tó mú kí aago àpò di dandan. Rélùwéè kò dé ibí. Ojú irin tó gbéra láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Òṣogbo lọ sí Ìlọrin, ó fi ilẹ̀ tiwa sílẹ̀ lápá ọ̀tún. Ohun tó kọ́kọ́ ṣí wa sí Èkó ni ọ̀nà tí ìjọba Èkó ṣí ní 1872, tí ọkọ̀ ojú omi ń gba ọ̀sà wá sí Atijẹrẹ, tí ẹrù á wá gba orí ilẹ̀ dé Oǹdó. Àwọn oníwàásù Church Missionary Society (CMS) tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kìíní 1877 ni ọ̀kan nínú wọn, Charles Phillips, dé Oǹdó. Wọ́n fi í ṣe igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, ó sì ń bá iṣẹ́ náà lọ títí ó fi kú ní 1906. Níbi tí ìsìn àti ilé ẹ̀kọ́ bá wà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí wọn yóò lu agogo. Nígbà tó yá, Àkúrẹ́ di olú-ìlú Ondo Province, kóòtù àti ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀ (D.O.) dé, àwọn akọ̀wé dé. Kòkó sì sọ àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò di ẹni tó lè ra ohun tó wù wọ́n. Nítorí náà, lọ́dọ̀ tiwa, ọwọ́ katikíìsì, tíṣà, akọ̀wé àti oníkòkó ni ká ti wá aago àpò.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nǹkan kan tí kì í sí nínú ìtàn tí a ń kọ́ ọmọ. Títí di 1905, oòrùn Èkó fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń ka wákàtí ní Èkó, ìyẹn sì fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 ṣáájú ti Greenwich. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Keje 1905, ìjọba ní kí wọ́n máa lo ti Greenwich. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Keje 1908, wọ́n dá a padà sí ti oòrùn Èkó. Nígbà tí 1914 wọlé, wọ́n sọ ọ́ di ìdajì wákàtí géérégé ṣáájú Greenwich. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 1919, ó di wákàtí kan, èyí tí a ń lò títí dòní. Ẹni tó bá ra aago ní 1904, tó sì fẹ́ kó bá ti ìjọba mu, ìgbà mẹ́rin ni yóò yí ọwọ́ rẹ̀ kó tó di 1920. Oòrùn Àkúrẹ́ náà tún wà lọ́tọ̀, ó ń fi bí ìṣẹ́jú 7 ṣáájú ti Èkó. Baba tó ń wo aago rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó lu agogo ilé ẹ̀kọ́ mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ wo èyí tó wà lórí tábìlì níwájú mi. Ẹbí kan ló yá mi, wọ́n ní baba baba àwọn ló ni ín. Ojú rẹ̀ jẹ́ tánganran funfun, nọ́ńbà Róòmù ló wà lára rẹ̀, ojú kékeré fún ìṣẹ́jú-àáyá sì wà nísàlẹ̀. Wọ́n kọ Waltham sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn á dúró níbẹ̀, wọ́n á ní aago Amẹ́ríkà ni, ó parí. Kò parí o. Mo fi èékánná ṣí ìdérí ẹ̀yìn, mo sì gbé inú rẹ̀ sábẹ́ iná. Àmì kéékèèké mẹ́rin ló wà nínú fàdákà náà: kìnnìún tó ń rìn, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi, lẹ́tà h kékeré, àti A.L.D.

Bí àgbà ṣe máa ń rí ilà gígùn kan ṣoṣo lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹnìkan, tí yóò sì mọ̀ pé ọmọ Oǹdó ni, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àmì yìí ń sọ̀rọ̀. Kìnnìún ní fàdákà gidi ni, ìdá 925 nínú 1,000, bí òfin Ìlú Ọba ṣe fẹ́. Ìdákọ̀ró ní Birmingham ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́tà h, ní irú ìkọ̀wé tí Birmingham ń lò nígbà yẹn, ní ọdún 1907 sí 1908 ni. Ká ní láti òkè òkun ni wọ́n ti gbé àpótí fàdákà náà wọ Ìlú Ọba lẹ́yìn oṣù Kẹfà 1907, igun mẹ́ta ni à bá rí dípò ìdákọ̀ró, nítorí òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù yẹn.

A.L.D. ló dùn mọ́ mi jù. Aaron Lufkin Dennison ni, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1812. Òun àti Edward Howard wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ aago sílẹ̀ nítòsí Boston ní 1850, pẹ̀lú èrò pé ẹ̀rọ lè máa gé irin aago lọ́gbọọgba, kí ẹ̀yà ara aago kan lè wọ òmíràn láìsí pé alágbẹ̀dẹ ń fi ayùn rin ín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ náà ló kó lọ sí Waltham ní 1854. Wọ́n yọ Dennison kúrò nínú iṣẹ́ tó dá sílẹ̀. Ó kó lọ sí Ìlú Ọba, ó ń ṣe àpótí aago ní Birmingham láti 1874, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1895. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ Waltham tó ń wọ Ìlú Ọba láti Amẹ́ríkà, àpótí ilé iṣẹ́ tí Dennison fi sílẹ̀ ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ sí. Iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin náà méjèèjì ló wá pàdé nínú aago tí ẹnìkan gbé wá sí Oǹdó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe àṣìṣe tí àwọn èèyàn sábà máa ń ṣe. Nọ́ńbà tó wà lára àpótí fàdákà yàtọ̀ sí nọ́ńbà tí wọ́n fín sára ẹ̀rọ inú rẹ̀. Ti inú ẹ̀rọ ni ìwé àkọsílẹ̀ Waltham fi ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Tí ẹ bá mú ti àpótí lọ wá inú ìwé náà, irọ́ ni yóò pa fún yín. Ẹ wo méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ẹnìkan lè ti yọ ẹ̀rọ kan kúrò tó sì fi òmíràn sí i.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti wúrà, torí ó ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n kọ 10 years tàbí 20 years sínú ìdérí, idẹ ni wọ́n fi wúrà fẹ́ẹ́rẹ́ bò níwájú àti lẹ́yìn. Ọdún tí wọ́n kọ ni iye ọdún tí wọ́n ṣèlérí pé wúrà náà kò ní pa rẹ́. Ní ti fàdákà, àwọn tí wọ́n ṣe ní Switzerland sábà máa ń ní 0,800 tàbí 0,935 tó ń sọ bí fàdákà ṣe pọ̀ tó nínú wọn. Àwọn olówó pọ́ọ́kú náà tún wà: irú èyí tí Georges Frederic Roskopf gbé jáde ní 1867 fún àwọn òṣìṣẹ́, àti Ingersoll Yankee tó di dọ́là kan ní Amẹ́ríkà ní 1896. Àwọn tó ń ṣa aago jọ kì í fẹ́ẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n. Èmi mọyì wọn gan-an, torí wọ́n ń sọ ti tíṣà tí owó oṣù rẹ̀ kò tó ra fàdákà.

Àtúnṣe wá kàn. Aago tó dákẹ́ fún àádọ́ta ọdún lè má bàjẹ́ rárá, epo inú rẹ̀ ló gbẹ. Nítorí náà, ẹ má yí i wò. Kẹ̀kẹ́ tó ń mì nínú aago bí èyí ń lu ìgbà 18,000 ní wákàtí kan, 432,000 lóòjọ́, lórí ṣóńṣó irin tó tín-ín-rín bí irun. Bí epo bá ti di oje, tí eruku ọyẹ́ sì ti dà pọ̀ mọ́ ọn, ńṣe ni yóò máa ha ṣóńṣó náà lọ.

Ẹni tó mọṣẹ́ kì í tú ìdè kankan kó tó tú agbára sípírìngì. Yóò di orí aago mú, yóò ti irin kékeré tó ń dá kẹ̀kẹ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì jẹ́ kí orí náà máa yí padà láàárín ìka rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo agbára á fi tán. Ẹni tó bá fo èyí, tó sì ṣí irin tó bo kẹ̀kẹ́, gbogbo agbára tó wà nínú sípírìngì á gba inú kẹ̀kẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, eyín á sì kán. Mo ti rí i, kò sí ariwo ńlá kankan, àfi nǹkan bíi "tìírr", eyín mẹ́ta sì ti lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò tú u lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa fi fóònù ya fọ́tò ìpele kọ̀ọ̀kan, tí yóò fọ̀ ọ́, tí yóò sì fi epo aago tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ sí ibi tí ṣóńṣó irin ti ń yí. Eyín kẹ̀kẹ́ kò fẹ́ epo. Epo máṣíìnì ìránṣọ tí wọ́n ń dà sí i ló ń pa aago wa jù. Bí sípírìngì bá ti já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ wé ti àtijọ́ sínú bébà, kí ẹ sì kọ ohun tó jẹ́ sí i lára.

Tánganran tó sán díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe kun ún. Bí nọ́ńbà tàbí ọwọ́ aago kan bá jẹ́ irú tó ń tàn lóru láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní wá, ẹ má ha á, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, nítorí rédíọ̀mù lè wà níbẹ̀; àwọ̀ náà lè má tàn mọ́, síbẹ̀ ọdún 1,600 ni agbára rédíọ̀mù fi ń dín sí ìdajì.

Fàdákà ńkọ́? Ẹ má fi ohun tó ń mú nǹkan dán nù ún, pàápàá nínú. Bí ẹ bá yí ìdérí aago orí tábìlì yìí sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí àwọn ìlà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ha sí i, wọ́n kéré gan-an: lẹ́tà méjì àti ọdún kan níbì kan, lẹ́tà mìíràn níbòmíràn. Àwọn tó tún un ṣe ló fi wọ́n síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà iṣẹ́ wọn káàkiri ayé, kí wọ́n lè mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn bí aago bá padà wá. Níhà ọ̀dọ̀ wa, ó ṣòro láti rí ibòmíràn tí iṣẹ́ àwọn èèyàn wọ̀nyẹn wà lákọsílẹ̀. Wọn kò kọ ìwé, ìwé ìròyìn kò kọ nípa wọn. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà pẹ̀lú àpótí onígíláàsì kan, awò kan lójú, wọ́n sì ń tún ohun tí àwọn ará Waltham ṣe ṣe, láìrí ilé iṣẹ́ náà rí. Nígbà tí aago oníbátìrì pọ̀, ọmọ iṣẹ́ wọn lọ kọ́ àtúnṣe fóònù. Àkísà kan àti ìyẹ̀fun tó ń mú nǹkan dán lè pa orúkọ wọn rẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Nítorí náà, mo ń bẹ àwọn tó wà ní yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ àti ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Adéyẹmí ní Oǹdó níbí pé ká jọ bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò inú ìdérí àwọn aago yìí, ká gbé e lọ bá àwọn àgbà oníṣẹ́ tó kù, ká béèrè lọ́wọ́ wọn ta ló ni lẹ́tà wo. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nílé, kó mú un wá fún fọ́tò, kó sì gbé e lọ sílé padà. Ẹ má nù ún, ẹ má yí i. Ẹ fi òwú gbígbẹ wé e, ẹ fi í síbi tí òjò kì í dé, kí ẹ sì kọ sórí bébà kan orúkọ ẹni tó ni ín, iṣẹ́ tó ṣe, àti ìlú tó ti ṣe é, kí ẹ fi bébà náà tì í.